Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ka Sípáníìṣì ní yunifásítì, bàbá rẹ̀ yarí

Àǹtí Peckham
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti di fànfà nínú ẹbí wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń parí A level rẹ̀, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó wọ yunifásítì, lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Obìnrin lọmọ náà. Sípáníìṣì wà nínú iṣẹ́ mẹ́ta tó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Yunifásítì méjì ti fún un láyè. Ọ̀kan ní kó wá ka Hispanic Studies, ìyẹn èdè Sípáníìṣì pẹ̀lú ìtàn àti àṣà gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Èkejì ní kó wá ka Law pọ̀ mọ́ Sípáníìṣì. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni méjèèjì, ọdún kẹta sì di òkè òkun.

Hispanic Studies lọmọ fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò lè ṣojú àwọn. Wọ́n ní àwọn ò ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní Ìlú Ọba látọdún yìí wá kí ọmọ àwọn wá lọ máa san ohun tó lé ní £9,000 lọ́dún láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní Sípéènì. Ìyàwó wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi ni wọ́n wá ní kí n lọ wádìí.

Kí ni wọ́n ń kọ́ fún odidi ọdún mẹ́rin? Iṣẹ́ wo ló wà nídìí rẹ̀? Ọmọ tún ní tó bá di ọdún kẹta, Kúbà lòun ń lọ, pé òun fẹ́ lọ rí àwọn Lùkùmí, ìyẹn àwọn àtọmọdọ́mọ Yorùbá tó wà níbẹ̀. Látìgbà tó ti sọ ìyẹn ni ìyá rẹ̀ ti ń gbààwẹ̀.

Bàbá Kúnlé
Law. Kí ló tún kù tí a ó máa jíròrò? Lọ́yà tó gbọ́ Sípáníìṣì, owó ti dé nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ Sípáníìṣì tí kò níṣẹ́ kan lọ́wọ́, gáìdì ni yóò máa ṣe fáwọn tó lọ gbafẹ́ létí òkun.

Àrólé Leeds
Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Èmi tí mo kà á rèé, mi ò ṣe gáìdì rí.

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kíkọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹni tó ti ní A level bíi tọmọ yín, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa gbé àpilẹ̀kọ látinú ìwé ìròyìn Sípéènì fún un pé kó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á tún gbé ti Gẹ̀ẹ́sì fún un pé kó sọ ọ́ di Sípáníìṣì. Èyí èkejì yẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Àwọn kan wà tí wọn ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n tó wọlé. Kíláàsì tiwọn yàtọ̀, eré burúkú ni wọ́n sì ń sá, torí tó bá fi máa di ọdún kẹrin, ibì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí.

Ìtàn ló kún ibẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà wọ Sípéènì ní 711, wọ́n sì ń ṣàkóso apá kan ibẹ̀ títí ìlú Granada fi bọ́ lọ́wọ́ wọn ní January 1492. Ọdún yẹn náà ni wọ́n lé àwọn Júù tó kọ̀ láti di Kìrìsìtẹ́nì. Ọdún yẹn náà ni Columbus wọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Èèyàn lè lo odidi sáà kan lórí ọdún kan ṣoṣo yìí, kó má sì tíì débì kan. Lẹ́yìn náà ni Ogun Abẹ́lé 1936 sí 1939, ìjọba Franco, ọ̀gágun tó borí ogun yẹn, títí ó fi kú ní 1975, àti òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 1978. Olùkọ́ wa kan gba sáà kan gbáko lórí sàréè àwọn tí wọ́n pa nígbà ogun yẹn, tí wọ́n sin pọ̀ lẹ́bàá títì láìsí àmì. Wọ́n ṣì ń hú wọn di báyìí. Ta ló ni òkú? Ta ló láṣẹ láti ní kí wọ́n hú u? Bí ìdílé kan bá fẹ́ tí èkejì tó lẹ́nìyàn nínú kòtò kan náà ò fẹ́ ńkọ́? Mi ò rò pé mo ti ronú báyẹn rí nípa nǹkankan kí n tó wọ kíláàsì yẹn.

Ẹ ó tún kan Mẹ́síkò, Ajẹntínà, Kòlóḿbíà. Wọ́n á sì là á yé yín pé Sípéènì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ elédè kan. Kàtáláànì, Básíkì àti Gàlísíánì ní àṣẹ lábẹ́ òfin ní ẹkùn tiwọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ń kọ́ni ní Potogí pẹ̀lú. Bọ́mọ bá ráyè gba Potogí mọ́ ọn, kó gbà á, kó má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ adójútòfò ni mò ń ṣe báyìí. Àwọn oníbàárà láti Latin America ló wà níkàáwọ́ mi.

Bàbá Kúnlé
O káre, àbúrò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ nìkan lo jáde. Àwọn tẹ́ ẹ jọ kà á ńkọ́?

Àrólé Leeds
Tíṣà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ń ṣe ìtúmọ̀ èdè, ẹnìkan wà níléeṣẹ́ ìjọba, àwọn kan sì ń ṣiṣẹ́ tí kò kan Sípáníìṣì rárá. Ẹ lọ wo àwọn tó ka History, ẹ ó rí i pé bákan náà ni.

Tíṣà Croydon
Ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣẹ́ tíṣà kún un, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti dárúkọ wa. Faransé ló ń ṣọ̀gá nílé-ẹ̀kọ́ Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀. Ní 2019, àwọn tó ṣe A level Sípáníìṣì ju ti Faransé lọ fúngbà àkọ́kọ́. Nígbà tó di 2025, GCSE náà, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe ṣáájú A level, tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ wà, tíṣà ni kò tó. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń fáwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ tíṣà èdè lówó ìrànwọ́. Iye rẹ̀ máa ń yí lọ́dọọdún, kí ẹ wò ó lórí Get Into Teaching, ìkànnì ìjọba, nígbà tó bá tó àsìkò.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí bàbá ọmọ bèèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ wo yunifásítì náà, kó sì bèèrè rẹ̀ gbangba gbàǹgbà: ṣé ẹ̀ka yìí máa ṣì wà lọ́dún mẹ́rin òní? Torí àwọn yunifásítì kan ti ń ti ẹ̀ka èdè wọn pa nítorí owó. Ọmọ ò gbọdọ̀ wà láàrin méjì kí wọ́n wá sọ pé àwọn ti dín kíláàsì kù.

Nọ́ọ̀sì Houston
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Èmi ò ka Sípáníìṣì o, ìyà àìgbọ́ rẹ̀ ni mò ń jẹ ní tèmi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìyá àgbà kan wá sí wọ́ọ̀dù wa. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré kan ló ń bá a dáhùn. Dókítà bèèrè bóyá màmá ń rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara. Ọmọ wolẹ̀, kò túmọ̀ rẹ̀. Ó kàn sọ pé "she said no," bẹ́ẹ̀ màmá ò tíì lanu.

Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ilé ìwòsàn tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ pèsè ògbufọ̀ tó kúnjú òṣùwọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí wọ́n má lo ọmọdé àfi tọ́rọ̀ bá di pàjáwìrì. A pe ògbufọ̀ lórí fídíò. Obìnrin kan yọ, ó kí màmá dáadáa kó tó bèèrè ohunkóhun, ó ní kí wọ́n mú ọmọ jáde. Ohun tí màmá ò sọ látàárọ̀, ó tú u jáde pátá.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń fi Sípáníìṣì ṣe, kó wá sí Texas. Àmọ́ gbígbọ́ ọ nìkan ò tó. Àwọn àjọ tó ń fún ògbufọ̀ ìṣègùn níwèé ẹ̀rí jákèjádò Amẹ́ríkà, ó kéré tán wákàtí 40 lẹ̀kọ́ tí wọ́n ń bèèrè kéèyàn tó jókòó ìdánwò.

Ọmọ Kétu
Ẹ kúulé o. Kútọnu ni mo ti ń kọ èyí, ọmọ Kétu ni mí. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà àti Ìlú Ọba máa ń sọ̀rọ̀ Sípáníìṣì bíi pé ohun àjèjì ni. Lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tọ́mọ bá dé kíláàsì tí à ń pè ní quatrième, ìyẹn ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n á ní kó mú èdè mìíràn mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì tàbí Sípáníìṣì. Èmi mú Sípáníìṣì torí pé ẹgba tíṣà Jámánì ti pọ̀ jù. Bí mo ṣe bá a dé yunifásítì Abomey-Calavi nìyẹn, ní ẹ̀ka Études hispaniques. Lomé náà ní tiwọn.

Faransé ni wọ́n fi ń ṣàlàyé Sípáníìṣì fún wa, Yorùbá ni mo sì fi ń rò ó. Kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti pè. Fáwẹ̀lì wọn ò ju márùn-ún lọ, gbogbo rẹ̀ la ní. Ibi tó ti le ni "rr" tí ahọ́n ń gbọ̀n sí, àti ọ̀rọ̀ akọ àti abo. Àwa tí a kì í ya "ó" ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára "ó" obìnrin, wọ́n wá ní tábìlì jẹ́ abo, ọwọ́ jẹ́ abo bó tilẹ̀ parí bí akọ. Kò sí àlàyé, ẹ kàn há a sórí.

Wọ́n kọ́ wa ní lítíréṣọ̀ Sípéènì, ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Equatorial Guinea. Ẹ gbọ́, ibẹ̀ ò jìnnà sí Kàlàbá. Ọwọ́ Sípéènì ló wà títí di October 12, 1968, Sípáníìṣì sì ni wọ́n fi ń ṣèjọba níbẹ̀ di òní. Àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, èdè yẹn náà ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Tìtorí wọn ni Sípáníìṣì fi wà lára èdè tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ń lò. Kí yunifásítì tọ́mọ yín fẹ́ lọ sọ fún yín bóyá Áfíríkà wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò fi sí i.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń fún ní ọdún kan lókè òkun, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ní. Mo kà á parí, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, mi ò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kankan tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ó di 2021 kí Instituto Cervantes, àjọ ìjọba Sípéènì tó ń kọ́ni ní Sípáníìṣì, tó ṣí ilé ńlá sí Dakar, òun sì ni àkọ́kọ́ lápá ibí ní gúúsù Sàhárà.

Àǹtí Peckham
Ẹ ṣé é o, Ọlọ́run yóò máa fún yín lókun. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ẹ̀gbọ́n mi. Ti Houston ni wọ́n ní kí n tún kà. Ẹ jọ̀ọ́, ọdún kẹta yìí, ṣé odidi owó ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n á san nígbà tọ́mọ ò sí níbí? Kúbà ńkọ́?

Àrólé Leeds
Rárá, mà. Fún yunifásítì England, tọ́mọ bá lo odidi ọdún náà ní yunifásítì òkè òkun, owó tí wọ́n lè gbà kò gbọdọ̀ ju 15% lọ. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26, £1,430 ni. Ó tún lè má lọ kàwé, kó lọ ṣe igbákejì olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé-ẹ̀kọ́ kan nípasẹ̀ British Council, àjọ Ìlú Ọba tó ń rí sí àṣà àti ẹ̀kọ́ lókè òkun. Wọ́n á máa san owó oṣù fún un.

Wàhálà ibẹ̀ ni físà. Látìgbà tí Ìlú Ọba ti kúrò nínú EU, ẹni tó ní páspọ́ọ̀tì wọn ò lè wà ní Sípéènì ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 láìgba físà. Tó bá ju oṣù mẹ́fà lọ, wọ́n á bèèrè ìwé ọlọ́pàá láti ACRO pé kò hùwà ọ̀daràn rí, pẹ̀lú òǹtẹ̀ apostille lórí rẹ̀ tó ń fi hàn pé ojúlówó ni, kí ògbufọ̀ tó ti búra sì túmọ̀ rẹ̀. Ìwé dókítà náà wà níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ pẹ́ jù kó tó gbà wọ́n, kò sì gbọdọ̀ tètè gbà wọ́n jù, torí àkókò àwọn ìwé yẹn máa ń tán. Tó bá dé ọ̀hún, yóò forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú, kó tó lọ gba káàdì TIE, ìyẹn káàdì ìgbélùú àwọn àjèjì. Ká rí àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti lọ gba káàdì yẹn, iṣẹ́ ni.

Granada ni mo wà. Ẹ sọ fún un pé ohùn àwọn ará Andalucía kì í ṣe èyí tó gbọ́ nínú téèpù A level o, wọ́n ń gbé "s" mì. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ra nǹkan mímu níbẹ̀, wọ́n á gbé oúnjẹ kékeré kan tì í lọ́fẹ̀ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í febi sùn ní Granada.

Ìyá Ìbejì Madrid
Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ rèé. Oúnjẹ ọ̀sán, aago mẹ́ta. Oúnjẹ alẹ́, aago mẹ́wàá. Kó ti máa múra ikùn sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká fi adùn nìkan tàn án jẹ. Ilé wíwá le fún dúdú: wọ́n á ní ilé ṣì wà lórí fóònù, tí wọ́n bá rójú yín, ilé ti tán. Kó lo ilé akẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ní alẹ́ January 5, wọ́n máa ń ṣe ìwọ́de àwọn Ọba Mẹ́ta tó lọ kí Jésù jòjòló. Baltasar ni dúdú inú wọn. Àwọn ìlú mìíràn ti ń wá ọkùnrin dúdú gidi kó ṣe é, àmọ́ àwọn ìlú kan ṣì wà tó jẹ́ òyìnbó ni wọ́n ń kun. Mo kó àwọn ọmọ mi lọ sí ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà ń ṣí lọ́rùn ọkùnrin náà, ó ń ju súìtì, Taiwo sì bi mí pé kí ló ṣe é lára. Ọmọ yín máa rí irú ẹ̀. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé yóò ti mọ èdè tó fi máa bá wọn jiyàn, ìjà yẹn sì wà lórí rédíò wọn lọ́dọọdún, àwọn dúdú tí wọ́n bí sí Sípéènì ló ń léwájú ẹ̀.

Irun? Kó lọ sí Lavapiés, àdúgbò kan ní Madrid níbí.

Ọmọ Awo Òṣogbo
Ẹ sọ fún ìyá ọmọ kí wọ́n jẹun. Mo ti dé Havana àti Matanzas ní Kúbà, mo sì padà wálé láàyè.

Àmọ́ kí ọmọ má lọ síbẹ̀ pé wọ́n á ṣe "ẹ káàárọ̀" fún òun. Lùkùmí tó kù ní Kúbà, orin, àdúrà àti ọ̀rọ̀ ìbọ ni. Àmì ohùn ti lọ. Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, àwọn babaláwo wọn a máa kọ odù sínú ìwé ajákọ ní Sípáníìṣì, wọ́n á fi lé ọmọ awo lọ́wọ́. Mo jókòó ti bàbá kan tó ń kọrin Ọ̀ṣun. Orin náà yé mi díẹ̀díẹ̀, àlàyé tó ń ṣe lórí orin ni kò yé mi rárá. Ọmọ yìí ni ìyẹn máa yé. Ní December 4, wọ́n ń bọ Ṣàngó lábẹ́ orúkọ Santa Bárbara. Ní September 8, Ọ̀ṣun lábẹ́ orúkọ Màríà ti El Cobre. Ní December 17, ẹ ó rí àwọn tó ń fi orúnkún rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní El Rincón torí Babalú Ayé, Ọbalúayé tiwa nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n tó ń bínú pé kí ni wọ́n ń fi Sípáníìṣì ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí. Nígbà tí Ọ̀yọ́ tú ní ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni wọ́n kó lọ Kúbà, ibẹ̀ ò sì fòpin sí ìmúnilẹ́rú títí di 1886. Nínú ìwé ìrìbọmi àti ìwé oko ìrèké, wọ́n á kọ orúkọ Kìrìsìtẹ́nì, wọ́n á wá kọ "lucumí" tì í. Ní November 1843, obìnrin kan wà lára àwọn tó léwájú ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní oko Triunvirato ní Matanzas. Carlota Lucumí ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ ni ìjọba Kúbà fún ogun tí wọ́n lọ jà ní Àǹgólà ní 1975. Mélòó nínú wa ló mọ̀ ọ́n? Sípáníìṣì ni wọ́n fi kọ ẹjọ́ wọn sílẹ̀.

Tíṣà Croydon
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Kúbà ti ìsìnyí. Láti October 2024, iná gbogbo orílẹ̀-èdè ti ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Oògùn ò sí. Yunifásítì lè má gbà kó lọ nítorí ìbánigbófò. Nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: ẹni tó bá dé Kúbà láti January 12, 2021 ò lè fi ESTA, ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò dípò físà, wọ Amẹ́ríkà mọ́, bó tilẹ̀ ní páspọ́ọ̀tì Ìlú Ọba. Físà gidi ni yóò lọ tọrọ. Tẹ́ ẹ bá ní ẹbí ní Houston, ẹ rò ó dáadáa.

Àrólé Leeds
Kò pọn dandan kó dé Kúbà kó tó kàwé nípa Lùkùmí. Ìwé ìjọba Sípéènì lórí Kúbà ní ọ̀rúndún 19, Madrid ni púpọ̀ rẹ̀ wà, ní Archivo Histórico Nacional, ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, lábẹ́ apá tí wọ́n ń pè ní Ultramar. Èyí tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ wà ní Archivo General de Indias ní Seville. Wọ́n ti gbé apá kan rẹ̀ sórí PARES, ìkànnì àwọn ilé ìwé àtijọ́ Sípéènì, ọ̀fẹ́ ni. Kó lọ lo ọdún rẹ̀ ní Seville tàbí Madrid, kó fi Lùkùmí ṣe àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀. Tí Kúbà bá wá rọ̀, kó lọ lẹ́yìn náà.

Bàbá Kúnlé
Gbogbo èyí dára. Law ni mo ṣì ń sọ.

Àrólé Leeds
Ẹ̀gbọ́n, láti 2021 tí wọ́n ti dá SQE, ìdánwò àwọn tó fẹ́ di lọ́yà, sílẹ̀, ẹni tó ní dígírì nínú ohunkóhun lè ṣe é, kó sì di solicitor, ìyẹn lọ́yà, lẹ́yìn tó bá ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Hispanic Studies ò ti ilẹ̀kùn lọ́yà mọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá sì wọ Law pọ̀ mọ́ Sípáníìṣì, kíláàsì òfin ni yóò gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún kẹta rẹ̀ ní Sípéènì. Ó lè má ráyè dé àwọn ilé tí wọ́n kó ìwé àtijọ́ yẹn sí rárá.

Bàbá Kúnlé
Ta ló máa sanwó SQE náà?

Àǹtí Peckham
Ẹ̀gbọ́n mi bèèrè ohun kan náà gan-an, ẹ ò rí ayé! Wọ́n ti gbà láti bá a lọ wo yunifásítì méjèèjì ní Saturday. Ọmọ ti wà lórí PARES látàná, ó ní lẹ́tà ẹni tó kọ ìwé kan burú ju ti dókítà lọ. Tíṣà Croydon, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè wo ni kí n kọ fún wọn láti bèèrè yàtọ̀ sí ti pé ṣé ẹ̀ka náà máa ṣì wà?

Tíṣà Croydon
Ẹ kọ èyí sílẹ̀, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló máa ń wà ní kíláàsì ìsọ̀rọ̀ kan? Ta ló ń bá wọn ṣètò físà, ṣé yunifásítì ni tàbí ọmọ fúnra rẹ̀? Ìlú wo ni wọ́n ní àdéhùn pẹ̀lú ní Sípéènì, ṣé Seville wà níbẹ̀? Ìbéèrè Ọmọ Kétu náà, ẹ má gbàgbé: ṣé Áfíríkà wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́? Kí ẹ sì jẹ́ kọ́mọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin sọ̀rọ̀ láìsí olùkọ́ nítòsí.